Ilé Ìtajà Práímà àti Ẹ̀tù Kan ní Amẹ́ríkà: Bí Ó Ṣe Ń Pín Ọjà Nígbà Tí Bot Bá Ti Dé Ṣáájú Wa

Nǹkan mẹ́rin ni ẹni tó bá fẹ́ tún ọta ìbọn dì fúnra rẹ̀ máa ń wá: èèpo idẹ tí a ti yìn tẹ́lẹ̀, orí ọta tí yóò fò lọ, ẹ̀tù aláìléèéfín, àti práímà, ìyẹn ife irin kékeré tí ń ṣáná sí ẹ̀tù nígbà tí abẹ́rẹ́ ìbọn bá gbá a nídìí. Èèpo ṣeé ṣà nílẹ̀ pápá ìyìnbọn, ó sì ṣeé lò lọ́pọ̀ ìgbà; àwọn kan tilẹ̀ ń yọ́ òjé láti fi rọ orí ọta nílé. Práímà àti ẹ̀tù kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe wọ́n, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà wọ́n sì ni gbogbo wa ń lọ. Ilé ìtajà tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń tà wọ́n lórí ayélujára jákèjádò Amẹ́ríkà, mo sì ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì sí ẹni tó ń du práímà mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àléébù tí mo fẹ́ tọ́ka sí wà lára ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, kò sì yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo ru ẹ̀bi gbogbo wọn. Ọjà rẹ̀ dára, kò sí àríyànjiyàn nípa ìyẹn. Ohun tí mo ń yẹ̀ wò ni bí ó ṣe ń pín ọjà nígbà tí ọjà kò bá kárí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ọjà náà ṣe di ọ̀wọ́n. Lọ́dún 2020, àrùn Kòrónà, ìwọ́de ojú pópó àti ìdìbò ààrẹ pàdé pọ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà sì rọ́ lọ ra ìbọn lọ́nà tí a kò rí irú rẹ̀ rí, débi pé iye ìgbà tí wọ́n pe ètò àyẹ̀wò ìbọn tó wà lábẹ́ àjọ FBI fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù 40 láàárín ọdún kan náà. Ẹni tó ra ìbọn tuntun gbọ́dọ̀ ra ọta sí i. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe práímà nílẹ̀ Amẹ́ríkà kò sì ju mẹ́rin lọ nígbà náà: CCI ní Lewiston ní ìpínlẹ̀ Idaho, Federal ní Anoka ní Minnesota, Winchester tí í ṣe ti ilé iṣẹ́ Olin, àti Remington ní Lonoke ní Arkansas. Oṣù Keje ọdún yẹn gan-an ni gbèsè gbé Remington dé ilé ẹjọ́, ilé iṣẹ́ Vista Outdoor, tó ti ni CCI àti Federal tẹ́lẹ̀, sì ra ẹ̀ka tó ń ṣe ọta nínú rẹ̀ ní mílíọ̀nù 81.4 dọ́là. Bí mẹ́ta nínú orúkọ mẹ́rin náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ olówó kan ṣoṣo nìyẹn. Lọ́dún 2024, Vista ta gbogbo wọn fún Czechoslovak Group, ilé iṣẹ́ ohun ìjà kan ní ilẹ̀ Czech. Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí kan náà ló ń ṣe ọta tí a ti dì tán, nígbà tí ọjà bá sì há, ọta tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi práímà sí. Ohun tó bá ṣẹ́kù ló ń dé ọ̀dọ̀ àwa tí ń dì í nílé. Ẹ̀tù náà ní wàhálà tirẹ̀, nítorí pé ogun Ukraine gba púpọ̀ nínú èròjà tí a fi ń ṣe é, débi pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, Alliant, ọ̀kan nínú àwọn orúkọ ńlá nínú ẹ̀tù, dá fífi ẹ̀tù ránṣẹ́ sí àwọn olùtajà dúró fún ìgbà kan nítorí àìtó èròjà.

Mo sọ gbogbo èyí nítorí pé ó ti mọ́ àwọn kan lára láti di gbogbo ẹ̀bi ru bot. Bot jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnì kan kọ láti máa bá a rajà láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ jókòó tì í. Kò lè dín iye práímà tó ń jáde ní Lewiston kù, kò sì lè fi ẹyọ kan kún un. Ohun tó lè yí padà ni ẹni tí ọjà yóò dé ọwọ́ rẹ̀. Ilé ìtajà kò ní agbára lórí iye ọjà tí ilé iṣẹ́ bá kó fún un, ṣùgbọ́n bí ọjà ṣe ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni mo sì ti ń bi í léèrè.

Ètò tó kọ́kọ́ lò ni ìfitónilétí orí ímeèlì. Oníbàárà á fi àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ọjà tó ti tán, wọ́n á sì kọ̀wé sí i bí ọjà bá ti dé. Bí ó ṣe máa ń rí nìyí: fóònù á dún, ímeèlì náà á ní práímà kékeré ti ìbọn gígùn ti wọlé. N óò tẹ ìlà aláwọ̀ búlúù tó wà nínú rẹ̀, ojú ewé ọjà á ṣí, bọ́tìnnì tí wọ́n ní kí a fi fi ọjà sínú agbọ̀n á ṣì wà ní àwọ̀ ewé. N óò tẹ̀ ẹ́. Òrùka kékeré kan á máa yí lójú ewé náà, lẹ́yìn náà agbọ̀n á ṣí pẹ̀lú ìlà pupa kan tó ń sọ pé ọjà yìí kò sí mọ́. Bí mo bá padà sẹ́yìn, bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé á ti di aláwọ̀ eérú, àyè tí a ń kọ ímeèlì sí á sì ti padà sábẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn ọjà máa ń wọ inú agbọ̀n ní tòótọ́, tí yóò sì pòórá bí mo ṣe ń tẹ nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì ìsanwó, nítorí pé ilé ìtajà náà kì í ya ọjà inú agbọ̀n sọ́tọ̀ fún ẹnikẹ́ni títí owó yóò fi wọlé.

Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Bot kì í dúró de ímeèlì. Ó ń lọ yẹ ojú ewé ọjà wò fúnra rẹ̀ léraléra, lọ́sàn-án àti lóru. Bí iye ọjà bá ti kúrò ní òdo, orúkọ, àdírẹ́sì àti káàdì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ná, kò sì ní ohunkóhun tí yóò tún máa tẹ̀. Ímeèlì ilé ìtajà ní tirẹ̀ ń jáde ní ìpele ìpele sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, nígbà tí yóò bá sì fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀ ìwé orúkọ, àkọsílẹ̀ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń kà. Kì í ṣe àìmọṣẹ́ ilé ìtajà kékeré nìkan ló fa èyí. Nígbà tí Walmart, ilé ìtajà ràgàjì nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fẹ́ ta ẹ̀rọ eré PlayStation 5 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ilé iṣẹ́ náà sọ pé àwọn dènà ìgbìyànjú bot tó ju mílíọ̀nù 20 lọ láàárín ìdajì wákàtí àkọ́kọ́. Walmart ní owó àti òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó pọ̀ láti fi jà. Ilé ìtajà tí ń ta ẹ̀tù àti práímà kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀, nítorí náà, bí ó bá fi ìtajà rẹ̀ ṣe eré ìje, òun fúnra rẹ̀ ló pinnu pé ènìyàn kò ní borí.

Ibi tí ọjà náà ń gbà lọ kò farasin. Kí ọdún 2020 tó dé, 30 sí 40 dọ́là ni ẹgbẹ̀rún kan práímà ń lọ. Nígbà tí ọ̀wọ́n náà le jù, àwọn alátùntà ń béèrè ohun tó ju 200 dọ́là lọ fún iye kan náà. Mo rí àwòrán páálí práímà kan tí ẹnì kan gbé sórí ayélujára láti tà, tí ìwé àdírẹ́sì ilé ìtajà tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó fi àtàǹpàkò bo orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bo orúkọ ilé ìtajà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀já ìdípáálí tó ní àmì wọn lára kò tíì já. Owó tí ó ń béèrè bí mi nínú, àmọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ àwòrán náà ló bà mí lẹ́rù jù: ó ní òun lè fi ránṣẹ́ sí ibikíbi. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kò gbà kí a fi práímà ránṣẹ́ rárá, UPS àti FedEx, àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tí ń gbé ẹrù, kò sì ń gbé e àyàfi pẹ̀lú ìwé àti àmì tó fi hàn pé ohun eléwu wà nínú rẹ̀, láti ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti bá ṣàdéhùn. Ẹni tó bá wé e sínú páálí lásán bí ẹni tó ń fi bàtà ránṣẹ́ ń fi ẹ̀mí awakọ̀ tí kò mọ ohunkóhun wewu.

Lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà ti pariwo, ilé ìtajà náà fi òpin sí iye tí ẹnì kan lè rà: ẹgbẹ̀rún kan práímà fún ilé kan láàárín oṣù kan. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ló gbà pa olóòótọ́ lára. Èkíní ni owó ohun eléwu. Gbogbo páálí tó bá ní práímà tàbí ẹ̀tù nínú ni wọ́n ń gba owó àfikún lé lórí, owó náà kì í sì í yí padà yálà ẹgbẹ̀rún kan ló wà nínú rẹ̀ tàbí ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ká ní práímà jẹ́ 80 dọ́là, kí owó ohun eléwu sì jẹ́ 25: ẹni tó ra ẹgbẹ̀rún kan ṣoṣo ti san owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta iye ọjà lé ọjà lórí, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì tún máa san án lóṣooṣù, nígbà tó jẹ́ pé láyé àtijọ́ yóò ra ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì san án lẹ́ẹ̀kan. Alátùntà kò bìkítà, nítorí pé èrè rẹ̀ bo owó náà mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni pé òfin ilé kan náà kò rí ilé kan náà. Kọ̀ǹpútà ilé ìtajà náà ń fi lẹ́tà wé lẹ́tà. Bí ẹnì kan bá kọ òpópónà rẹ̀ ní kíkún lónìí, tó gé orúkọ rẹ̀ kúrú lọ́la, tó tún fi "yàrá A" kún un lọ́túnla, ilé mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà rí, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé kan ṣoṣo ni awakọ̀ UPS yóò já a sí. Àwọn tó ń lo bot mọ àrékérekè yìí dunjú. Mo kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú oníbàárà nípa rẹ̀, èsì tí mo gbà sì jẹ́ ọpẹ́ tó gùn àti ìlérí tó kúrú. Ohun tó dùn mí ni pé, nínú gbogbo ọjà tí bot ń rà, práímà ló yẹ kó rọrùn jù láti dáàbò bò nípa àdírẹ́sì. Bàtà eré ìdárayá àti ìwé ìwọlé sí ibi eré lè gba àpótí ìfìwéránṣẹ́ tàbí ìlà ímeèlì kọjá. Práímà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ojúlé gidi lórí òpópónà gidi ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ogún orúkọ rajà gbọ́dọ̀ ní ibi tí ogún páálí yóò dé. Ilé ìtajà tó bá fi ìwé àdírẹ́sì tí UPS fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ jáde wé ara wọn, dípò ohun tí oníbàárà kọ, yóò rí wọn láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Wọ́n tún gbìyànjú àwòrán tí a ń tò láti fi hàn pé ènìyàn ni wá, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní kí a tọ́ka sí iná ojú pópó tàbí kẹ̀kẹ́ nínú àpótí mẹ́sàn-án. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń di ọta nílé jẹ́ àgbàlagbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, bot sì ti mọ bí a ṣe ń san owó táṣẹ́rẹ́ kí ẹlòmíràn bá a tò ó. Yàrá ìdúró tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ sàn díẹ̀, níbi tí gbogbo ẹni tó bá dé ṣáájú aago tí ọjà ń ṣí yóò ti gba nọ́ńbà láìka ẹni tó kọ́kọ́ dé sí. Síbẹ̀, ẹni tó bá ṣí igba ojú fèrèsé lórí kọ̀ǹpútà láti wọlé yóò gba igba nọ́ńbà.

Ẹ má ṣe rò pé òfin yóò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 2016 láti dènà bot kò kọjá ìwé ìwọlé sí ibi eré àti orin. Ó tó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 kí FTC, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, tó kọ́kọ́ lò ó, lórí àwọn alátùntà ìwé ìwọlé mẹ́ta ní New York. Wọ́n ti gbé àbá mìíràn wá síwájú ilé aṣòfin, èyí tí ì bá fi ọwọ́ òfin kan gbogbo ọjà tí wọ́n ń tà lórí ayélujára, wọ́n sì ti gbé e wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n kò tíì di òfin. Ẹni tó fi bot kó gbogbo práímà ilé ìtajà kan lóru kò tíì rú òfin ìjọba àpapọ̀ kankan nípa rírà tó rà á.

Ètò tí ilé ìtajà náà ń lò báyìí ló mú kí n kọ àyẹ̀wò yìí, nítorí pé òun ló kọ́kọ́ yàtọ̀ ní tòótọ́. Wọ́n ti ṣíwọ́ títa práímà fún ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì. Gègé ni wọ́n ń ṣẹ́. Bí ọjà bá dé, wọ́n á kéde rẹ̀, wọ́n á sì ṣí ìwé orúkọ fún odindi ọjọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ á kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ nígbà tó bá wù ú láàárín ọjọ́ náà, kò sì sí àǹfààní kankan fún ẹni tó sáré. Lẹ́yìn tí ìwé bá ti padé, kọ̀ǹpútà á yan orúkọ, ẹni tí wọ́n bá yàn á ní ọjọ́ méjì láti sanwó, iye tí wọ́n kọ sórí àtẹ ni yóò sì san. Bí kò bá san án, ọjà rẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀lé e.

Iṣẹ́ tí ètò yìí ń ṣe ni pé ó gba ohun ìjà kan ṣoṣo tí bot ní lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn eré sísá. Bot ṣì lè kọ orúkọ púpọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àárín ìgbà tí ìwé padé àti ìgbà tí wọ́n ń kéde orúkọ fún òṣìṣẹ́ ní àyè láti fi ojú ènìyàn wo àdírẹ́sì. Nígbà kan tí mo béèrè, wọ́n sọ fún mi pé àwọn ti ń so àwọn àdírẹ́sì tó jọra pọ̀, àwọn sì ń fa ìyókù ya. Mo gbà wọ́n gbọ́, nítorí pé láti ìgbà náà ni mo ti ń rí orúkọ tiwa tí a ń pàdé ní pápá nínú àwọn tó ń rí rà, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí nígbà ayé ímeèlì. Kì í ṣe ilé ìtajà yìí ló kọ́kọ́ ronú kan irú rẹ̀. Newegg, ilé ìtajà ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lórí ayélujára, ṣe irú gègé bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2021 fún káàdì àwòrán kọ̀ǹpútà, àmọ́ ó máa ń so káàdì pọ̀ mọ́ ẹ̀yà mìíràn tí olùrà kò fẹ́, ìyẹn sì bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Inú mi dùn pé ilé ìtajà tiwa kò gbé ẹ̀tù tí kò tà lé wa lórí.

Ohun tí mo rò pé wọ́n lè kọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni èyí tí Valve, ilé iṣẹ́ tí ń ta eré orí kọ̀ǹpútà, ṣe nígbà tó fẹ́ ta ẹ̀rọ eré Steam Deck lọ́dún 2021: ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, àkáǹtì tó ti rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú oṣù Kẹfà ọdún náà nìkan ló lè gba àyè, dọ́là márùn-ún ló sì fi ń gbà á. Àkáǹtì tí a dá sílẹ̀ lánàá kò ní ìtàn kankan. Ilé ìtajà tí a ti ń ra èèpo, orí ọta àti òṣùwọ̀n ẹ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún pípẹ́ mọ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n ni. Ẹni tuntun tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ yóò pàdánù díẹ̀ bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ya ìdá kan nínú mẹ́rin sọ́tọ̀ fún irú wọn, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Àléébù mìíràn ni pé ẹni tí gègé kò mú kì í ní ohunkóhun láti fi hàn. Ìgbà tó ń bọ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí rà.

Ní ti àwọn nǹkan yòókù, kò sí ohun tí mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Páálí wọn nípọn, àmì ohun eléwu máa ń wà níbi tó yẹ, ẹ̀tù kò sì tíì dé pẹ̀lú ìdérí tó tú rí. Àwọn òṣìṣẹ́ orí fóònù mọ ìyàtọ̀ láàárín práímà ìbọn gígùn àti ti ìbọn ìléwọ́, èyí tí n kò lè sọ nípa gbogbo ibi tí mo ti rajà.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ì bá sì jẹ́ ọ̀kan lójú ètò ìfitónilétí nìkan. Ẹni tó ń yìnbọn díẹ̀díẹ̀, tí ẹgbẹ̀rún kan práímà lè tó fún ìgbà pípẹ́, yóò rí àyè níbẹ̀, ó sì yẹ kó kọ orúkọ sí gbogbo gègé tí wọ́n bá kéde. Ẹni tó ń díje, tó ń lo oríṣi ẹ̀tù kan pàtó tí kò fẹ́ pààrọ̀, kò gbọdọ̀ gbára lé wọn nìkan, nítorí pé ẹ̀tù kò tíì wọ inú ètò gègé, eré ìje ni wọ́n ṣì fi ń tà á. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n tètè tún ṣe. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ẹni tí gègé mú fi agolo ẹ̀tù kan kún páálí kan náà, owó ohun eléwu kan ṣoṣo ni yóò san lórí méjèèjì, agolo náà yóò sì bọ́ lọ́wọ́ bot. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, ojú ewé ìsanwó gègé kò gba ọjà mìíràn mọ́ práímà.